Muhammad Ará Kàtsínà àti Ilé Mẹ́sàn-án

Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ka ìwé ara ògiri yìí kí wọ́n tó lu aago ìpéjọ, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lẹ́yìn tí aago ti lù, ẹ tètè máa kà á lọ kí wọ́n má bá yín níbẹ̀.

Ìtàn ìgbésí-ayé ẹnì kan tó ti kú láti ohun tó lé ní 280 ọdún ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ kó yé yín láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ní táàmù tó kọjá, àwa mẹ́ta la lọ ṣojú ilé-ìwé wa níbi ìdíje ìṣirò kan ní Òmù-Àrán níbí. Ẹ̀bùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: wọ́n ní àwọn máa san owó WAEC fún àwọn mẹ́ta tó bá gbégbá orókè. Ọ̀rẹ́ mi kan wà nínú àwa mẹ́ta yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọjà ni ìyá rẹ̀ ń tà, owó ìdánwò yẹn sì ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn nílé láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Òun ló kàwé jù nínú wa fún ìdíje náà.

A dé orí ìbéèrè tó kẹ́yìn. Máàkì wa àti ti ilé-ìwé kejì dọ́gba. Èmi ló kàn láti dáhùn, wọn ò sì gbà kí a bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìbéèrè náà ò gùn: nínú akẹ́kọ̀ọ́ 10, ọ̀nà mélòó la lè gbà yan àwọn 3 tí yóò lọ wo ilé ère òkúta ní Ẹ̀sìẹ́?

Mo sáré lọ sójú pátákó. Mo kọ 10 × 9 × 8. Mo kọ 720. Mo tilẹ̀ fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, ọ̀rẹ́ mi ti fi ọwọ́ bo ojú. Ilé-ìwé kejì kọ 120, wọ́n sì gbé ẹ̀bùn lọ.

A rìn padà láti ibẹ̀ láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé oríta tí oníkálukú á ti yà sílé, ọ̀rẹ́ mi kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ní ọjọ́ Ajé, tíṣà ìṣirò wa pè mí. Mo rò pé ìbáwí ló kàn. Wọ́n kàn fa àpótí onígun mẹ́rin kan sórí ìwé, wọ́n pín in sí ilé 9, wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà 1 títí dé 9 sínú rẹ̀, ọ̀kan nínú ilé kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan, ní ìbú, ní òró àti ní ìdábùú láti igun dé igun, máa jẹ́ 15. Wọ́n wá yá mi ní ìwé kan lórí ìṣirò nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ní kí n wá ọkùnrin ará Kàtsínà kan nínú rẹ̀. Bí mo ṣe pàdé Muhammad nìyẹn.

Orúkọ rẹ̀ ni Muhammad ọmọ Muhammad. Fúlàní ni, ìyẹn ni àwọn ará Íjíbítì ṣe ń pè é ní al-Fulani. Wọ́n tún ń pè é ní al-Kishnawi, torí Kàtsínà tó ti wá. Bí ọmọ ìlú wa ṣe lè dé Èkó kí wọ́n máa pè é ní Ará Òmù, bẹ́ẹ̀ náà ni. Orúkọ ìlú rẹ̀ lẹ́ mọ́ ọn títí tó fi kú, ìlú náà sì jèrè orúkọ lára rẹ̀.

Nígbà tó wà láyé, kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Nàìjíríà. Usman dan Fodio tí gbogbo wa ń kà nípa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, ọdún 1754 ni wọ́n bí i. Muhammad ti kú kó tó dé ayé. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ ti pẹ́. Kàtsínà nígbà náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Haúsá tó lókìkí jù. Àwọn oníṣòwò tó ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá máa ń dé ibẹ̀ pẹ̀lú ràkúnmí. Awọ, aṣọ àti iyọ̀ ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ìwé náà ń bá wọn rìn. Ìlú àwọn onímọ̀ ni Kàtsínà, ilé gogoro mọ́sálásí Gobarau sì wà níbẹ̀ títí dòní tí ń jẹ́rìí sí i.

Ọmọ kéwú ni Muhammad. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ilé-kéwú lẹ́yìn tí a bá jáde nílé-ìwé mọ bó ṣe ń rí: wàláà, tàdáwà, kíké, àtúnké. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wọn nígbà yẹn kò dúró sórí kíké nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ di onímọ̀ gbọ́dọ̀ mọ gírámà èdè Lárúbáwá, kó mọ òfin, kó sì mọ ìṣirò. Bí baálé ilé bá kú tó fi ìyàwó, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin sílẹ̀, ta ló máa pín ogún náà bí òfin ṣe wí? Ẹni tó mọ ìdá àti àròpọ̀ ni. Bí àkókò ìrun bá ń súnmọ́, ta ló máa wo òjìji oòrùn kó sọ ọ́? Ẹni tó mọ ìṣirò náà ni.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni Muhammad al-Wali, onímọ̀ kan tó wá láti ìhà Borno àti Bagirmi, lọ́nà adágún Chad. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Muhammad ti kọ́ ìṣirò oríṣiríṣi, ìmọ̀ nípa àkókò, ìmọ̀ lẹ́tà, àti ìmọ̀ àpótí nọ́ńbà tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní wafq. Àpótí yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé ń rántí, òun náà sì ni tíṣà wa fà sórí ìwé fún mi.

Púpọ̀ nínú yín ti rí i rí láìmọ̀. Àwọn àáfà kan máa ń ya irú àpótí bẹ́ẹ̀ sínú tírà. Èmi ò bá ti tírà wá síbí o. Àwọn àáfà fúnra wọn ò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ìṣirò inú rẹ̀ ni tèmi. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ àpótí onílé 9 láti ayébáyé. Àwọn Lárúbáwá mú un, wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n kọ ìwé lé e lórí. Ó gba orí aṣálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwa níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe bá àpótí náà jà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kàn ń fi nọ́ńbà sínú rẹ̀ bó ṣe wá sí mi lọ́kàn. Bí ìbú bá jẹ́ 15, òró á jẹ́ 18. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, títí ìwé fi lu. Lọ́jọ́ kejì mo wá bi ara mi pé: ọ̀nà mélòó gan-an ló wà láti to nọ́ńbà 9 sínú ilé 9? Ilé àkọ́kọ́ lè gba èyíkéyìí nínú 9. Ilé kejì á gba ọ̀kan nínú 8 tó kù, ẹ̀kẹta nínú 7, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi ku 1. Ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀, ẹ ó rí 362,880. Bí mo bá ń dán ọ̀kan wò ní ìṣẹ́jú kan, tí mi ò jẹun, tí mi ò sùn, tí mi ò wá sílé-ìwé, ọjọ́ 252 ni yóò gbà mí. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní permutation: títò. Ta ló jókòó síbo? Bí nọ́ńbà méjì bá pààrọ̀ ilé, ó ti di nǹkan mìíràn.

Nígbà tí mo sọ fún tíṣà wa pé iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù, wọ́n ní kí n fi àpótí sílẹ̀ ná, kí n gbé ìlà kan ṣoṣo wò. Nọ́ńbà mẹ́ta wo ló lè jẹ́ 15 bí a bá rò wọ́n pọ̀? Mo mú 2, 4 àti 9. Wọ́n bi mí bóyá 9, 4 àti 2 jẹ́ ọ̀tọ̀. Mo dákẹ́. Kò jẹ́ ọ̀tọ̀ kẹ̀! Bó o ro wọ́n láti ọ̀tún, bó o rò wọ́n láti òsì, 15 náà ni. Àròpọ̀ ò bìkítà nípa ẹni tó ṣáájú. Àwọn mẹ́ta yẹn kàn jọ wà pọ̀ ni. Ìyẹn ni combination: ṣíṣà. Mo jókòó, ara mi ṣe wìì. Ohun tó mú kí a pàdánù owó WAEC ọ̀rẹ́ mi ló wà lójú mi yẹn.

Nínú nọ́ńbà 9, bí a bá ń to 3 sórí ìlà, 9 × 8 × 7 ló wà, ìyẹn 504. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta kan náà lè yí ipò padà lọ́nà 6: 249, 294, 429, 492, 924, 942. Torí náà, bó bá jẹ́ ṣíṣà la fẹ́, a ó fi 6 pín 504, ó di 84. Mo kọ gbogbo 84 náà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó jẹ́ 15 nínú wọn ò ju 8 lọ:

1, 5, 9
1, 6, 8
2, 4, 9
2, 5, 8
2, 6, 7
3, 4, 8
3, 5, 7
4, 5, 6

Ẹ wá ka ìlà tó wà nínú àpótí: ìbú 3, òró 3, ìdábùú 2. Ó jẹ́ 8! Kò sí èyí tó máa ṣẹ́kù, kò sí èyí tó máa dín. Ẹ tún wò ó dáadáa. Nọ́ńbà 5 wà nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ilé kan ṣoṣo ni ìlà mẹ́rin ń gbà kọjá nínú àpótí, ilé àárín. Nítorí náà 5 ló ni àárín. Nọ́ńbà 2, 4, 6 àti 8 wà nínú ẹ̀ẹ̀mẹta-mẹ́ta, ilé igun sì ni ìlà mẹ́ta ń gbà kọjá. Àwọn ló ni igun. Nọ́ńbà 1, 3, 7 àti 9 ló gba àwọn ilé tó kù. Ohun tó fẹ́ gbà mí ní ọjọ́ 252, mo ṣe é tán kí wọ́n tó gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀. Ìyá mi ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo kọ nìyí:

8 1 6
3 5 7
4 9 2

Nínú 362,880 ètò, 8 péré ló pé, àwọn 8 náà sì jẹ́ àpótí kan ṣoṣo tí a yí tàbí tí a dojú rẹ̀ dé bí ẹni wo dígí. Bí ẹnì kan bá bi yín pé mélòó ni wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bi í padà: ṣé ó ka èyí tí a yí sí ọ̀tọ̀, àbí kò kà á sí ọ̀tọ̀? Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Muhammad, torí èmi ní tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun ń lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ó kúrò nílé láti lọ sí Mẹ́kà. Ní nǹkan bí ọdún 1730 ló ṣe iṣẹ́ Hájì rẹ̀. Lónìí, àwọn alálàájì wa á wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Ìlọrin, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n máa fi débẹ̀. Nígbà tirẹ̀, láti Kàtsínà dé Káírò nìkan, bí a bá fa okùn gbọọrọ, ó ju 3,000 kìlómítà lọ, ọ̀nà ò sì rí bí okùn. Ẹsẹ̀ àti ẹranko ni. Ìlú ọba kan lẹ́yìn òmíràn ló gbà kọjá, ó sì ń pàdé àwọn ọba àti àwọn onímọ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbé ní Mẹ́kà fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sí Káírò, olú-ìlú Íjíbítì, ó wá ilé sí ìtòsí Al-Azhar, ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí gbogbo ayé Mùsùlùmí mọ̀.

Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀. Àlejò ni. Dúdú ni láàárín wọn. Kò ní ẹbí níbẹ̀, kò ní ìyekan. Káírò kún fún àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbé ìwé lé orí ìwé. Ta ló máa fetí sí ẹni tó ti ìlú tí wọn ò dé rí wá? Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ò ṣeé fi pamọ́ sínú àgbàdá. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hasan al-Jabarti, ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ràn ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Ìdílé òun náà kì í ṣe ọmọ Káírò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀; láti Jabart, lọ́nà ìhà Etiópíà, ni àwọn babańlá rẹ̀ ti wá. Hasan jókòó sí ẹsẹ̀ Muhammad, ó kọ́ ìmọ̀ àpótí nọ́ńbà àti ìmọ̀ lẹ́tà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì mú un wá sínú ilé ara rẹ̀ láti máa gbé. Ẹni tó wá kọ́ni láti ilẹ̀ Haúsá wá di olùkọ́ fún ọ̀mọ̀wé Káírò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Gbogbo orúkọ tí mo ti ń rí nínú ìwé ìṣirò láti JSS1, kò sí ọ̀kan tó wá láti ilẹ̀ tí Nàìjíríà wà lónìí.

Ní 1732 ni ó kọ ìwé tó sọ ọ́ di mímọ̀ láàárín àwọn tó ń wá ìtàn ìṣirò. Èdè Lárúbáwá ló fi kọ ọ́. Ohun tó dá lé ni àpótí tí iye ilé rẹ̀ lórí ìlà kan kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba: onílé 3 sí ìlà, onílé 5, onílé 7, bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣàlàyé ọ̀nà tí a ń gbà to nọ́ńbà sínú wọn ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, láìsí pé à ń dán an wò kiri.

Ẹ wo ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì. Àpótí onílé 3 sí ìlà, èmi ọmọ ọdún 16 lè bá a fà á. Ṣùgbọ́n onílé 5 sí ìlà ní ilé 25. Bí a bá ní ká ka gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà to nọ́ńbà 25 sínú ilé 25, iye náà ní dígíìtì 26. Kò sí ẹ̀dá tó lè dán an wò tán, àní bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òfin nìkan ló lè gba ènìyàn. Ẹni tó bá mọ òfin, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló máa kún àpótí rẹ̀.

Irú òfin bẹ́ẹ̀ kan rèé tí tíṣà wa fi hàn mí. Ẹ fi 1 sí ilé àárín lórí ìlà òkè. Ẹ máa gun òkè lọ sápá ọ̀tún ní ìdábùú, ilé kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó máa fi nọ́ńbà tó kàn síbẹ̀. Bí ẹ bá jáde lókè, ẹ wọlé nísàlẹ̀ òpó náà. Bí ẹ bá jáde lápá ọ̀tún, ẹ wọlé lápá òsì ìlà náà. Bí ẹ bá bá ènìyàn nínú ilé, tàbí tí ẹ bá jáde ní igun òkè ọ̀tún, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ilé tó wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ dán an wò pẹ̀lú onílé 3, ẹ ó rí àpótí tí mo kọ sókè yẹn. Ẹ wá dán an wò pẹ̀lú onílé 5. Ìlà kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 65. Tí kò bá jẹ́ 65, ẹ̀yin lẹ ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ohun kan wà tí Muhammad kọ tó wọ̀ mí lára ju gbogbo nọ́ńbà lọ. Ó gba ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ yìí níyànjú pé kó má ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, àìmọ̀kan ni jíjáwọ́ jẹ́. Ó fi akẹ́kọ̀ọ́ wé ẹni tí ìfẹ́ ń dà láàmú, tó jẹ́ pé sùúrù tí kò lópin nìkan ló lè mú un dé ọ̀dọ̀ ohun tó ń wá. Ẹni tó kọ èyí ti rin láti Kàtsínà dé Mẹ́kà dé Káírò. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Kò padà sí Kàtsínà mọ́. Ní 1741 ló kú ní Káírò. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ kan fún Hasan, Abd al-Rahman al-Jabarti, tó wá di ọ̀kan nínú àwọn òpìtàn Íjíbítì tó lókìkí jù. Nígbà tí ó ń kọ ìtàn àwọn ènìyàn ńlá tó ti kọjá, ó kọ ti àlejò Kàtsínà yìí mọ́ ọn, olùkọ́ bàbá rẹ̀. Ìyẹn ni a fi mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo sọ fún yín yìí. Ká ní Hasan ò gba àlejò sílé ni, bóyá orúkọ rẹ̀ ì bá ti parẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sí òde tiwa. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn yìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí rí ọ̀rọ̀ títò àti ṣíṣà níbi gbogbo. Ẹ wo Ifá tí àwọn baba wa ń dá. Ojú odù jẹ́ 16. Bí babaláwo bá dá a, ẹsẹ̀ odù méjì ló ń hàn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ogbè lọ́tùn-ún pẹ̀lú Ìwòrì lósì, odù ọ̀tọ̀ ni. Ìwòrì lọ́tùn-ún pẹ̀lú Ogbè lósì, odù ọ̀tọ̀ ni, ẹsẹ Ifá wọn ò sì papọ̀. Torí pé ipò já mọ́ nǹkan, 16 × 16 ni, odù 256. Bó bá jẹ́ pé ipò ò já mọ́ nǹkan ni, 136 péré ni ì bá jẹ́. Àwọn baba wa ò lọ sí SS2, wọn ò sì ṣì í.

Ẹ tún wo ìbéèrè tó bì mí ṣubú. Ilé ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ yìí, tó jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà láti 1945, tó ní ère tó lé ní 1,000, ni wọ́n ní kí a yan ènìyàn 3 lọ wò. Bí wọ́n bá mú Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú, tàbí wọ́n mú Ìdòwú, Táyé àti Kẹ́hìndé, ṣé kì í ṣe àwọn ènìyàn kan náà ló máa wọ ọkọ̀? Àwọn náà ni. Torí náà 720 tí a fi 6 pín, ó jẹ́ 120.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, 720 tí mo kọ kì í ṣe irọ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn ni. Ká ní wọ́n sọ pé ẹni àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́ olórí, ẹni kejì ni yóò máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, ẹni kẹta ni yóò máa ya fọ́tò, 720 ni ì bá tọ̀nà. Mo dáhùn ohun tí wọn ò bi mí. Mo rí nọ́ńbà 10 àti 3, mo sáré, mi ò ka ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn.

Torí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan bírò, ẹ mú ènìyàn méjì nínú àwọn tí ẹ yàn, ẹ pààrọ̀ ipò wọn lọ́kàn yín. Ẹ wá béèrè: ṣé nǹkan kan ti yàtọ̀? Bó bá yàtọ̀, títò ni, permutation. Bí kò bá yàtọ̀, ṣíṣà ni, combination. Ẹ rántí fi iye ọ̀nà tí àwọn tí ẹ yàn lè gbà to ara wọn pín in. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni ì bá gbà mí.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi nílé wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, mo sọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní ẹni tó bá ń rìn ló ń kọsẹ̀. Wọ́n fún wa ní ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́. Mo wá fi àpótí onílé 9 han ọ̀rẹ́ mi. Ó ṣe é ní ìṣẹ́jú 12. Mi ò sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ẹ ti mọ̀ báyìí.

Owó WAEC náà kò tíì pé, wọ́n ń tù ú jọ díẹ̀díẹ̀. Àwa méjèèjì wá fẹnu kò pé ní gbogbo ọjọ́rú, lẹ́yìn aago ìparí, a ó máa dúró ní kíláásì SS2 láti ṣe ìṣirò pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Mo mọ̀ pé ọmọ tó ń tilé wá ni gbogbo wa, ọ̀nà ilé àwọn kan sì jìn. Ẹ rántí ẹni tó rin láti Kàtsínà.

Ìbéèrè tọ̀sẹ̀ yìí rèé. Bí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn bá ní ọmọ ẹgbẹ́ 12: (1) ọ̀nà mélòó la lè gbà yan àwọn 3 tí yóò máa lẹ ìwé mọ́ ògiri? (2) ọ̀nà mélòó la lè gbà yan alága, akọ̀wé àti akápò? Ẹ kọ ìdáhùn yín sórí ìwé, ẹ kọ orúkọ àti kíláásì yín sí i, ẹ jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé. A ó lẹ orúkọ àwọn tó bá gbà á síbí.

Ẹ fara balẹ̀ ka ìbéèrè o. Ire o.